Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá

Mo rántí ìgbà tí àwọn àgbàlagbà tó ti kàwé débi pé ojú ń dùn wọ́n máa ń wá lé ehoro nínú ilé mi. Kì í ṣe ehoro tó ṣeé sè o. Ìṣirò ni; orí pépà ni ehoro náà wà, orí pépà náà ni ajá tó ń lé e wà, àwọn èèyàn mi á sì jókòó yí tábìlì ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ailegun, wọ́n á máa fa ìlà, wọ́n á máa pa á rẹ́, wọ́n á máa bára wọn jiyàn bí ẹni tó ń pín ilẹ̀ bàbá wọn. Èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, màá máa wò wọ́n, ẹ̀rín á máa pa mí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní ọjà Aswani, mi ò sì tíì rí ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù fún nítorí pé ó mọ ehoro lé.

Àbúrò ọkọ mi ló kó wọn wá. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ó ṣì kéré, èmi ni mo máa ń bá a nu imú. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó, nítorí náà mo fún un ní orúkọ tèmi. Ọkọ Oníṣirò ni mo sọ ọ́, torí pé bí mo bá rán an lọ ra iyọ̀, á fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rá iyọ̀ ti òní fi fúyẹ́ ju ti àná lọ. Ó dàgbà, ó kàwé gidi, ó sì ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Áílàǹdì, ní Èkó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí wọ́n máa fi ìṣirò wo ibi tí owó dọ́là àti ọjà máa yà sí lọ́la. Lọ́jọ́ tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo ní, "Ọkọ mi, wòlíì tí kì í gbààwẹ̀ ni yín." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, wòlíì kì í sọ pé bóyá. Àwa, bóyá la fi ń jẹun." Mo rẹ́rìn-ín débi pé iṣu tí mo ń dín jóná. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì láti ibi iṣẹ́ á wá, obìnrin kan á sì tún bá wọn wá, tíṣà ìṣirò ní ilé ìwé girama kan ní Ìsọlọ̀, òun ló sì já fáfá jù nínú wọn. Ọmọ Àǹtí Àgbà ni. Àǹtí Àgbà yìí ni ọ̀gá gbogbo àwa tí à ń ta aṣọ ọmọdé ní ìlà wa l'Aswani. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Oníṣirò ń fẹ́ ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kì í fá irùngbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀, tó wá ń fá a lẹ́ẹ̀mejì ní Sátidé, kí lẹ fẹ́ kí n bi í? Nígbà tó yá, àwọn ẹbí méjèèjì ti gbọ́, ọkọ mi sì ti bá Àǹtí Àgbà sọ̀rọ̀ pé lẹ́yìn Kérésì a máa wá fi ojú mọ ara wa bó ṣe yẹ.

Ní Sátidé kan, wọ́n ń bá ìṣòro kan jà. Wọ́n ní ajá mẹ́rin dúró sí igun mẹ́rin, ajá kọ̀ọ̀kan ń lé èyí tó wà níwájú ẹ̀, ojú ẹ̀ kò sì kúrò lára ìyẹn, gbogbo wọn ń sáré bákan náà. Ibo ni wọ́n máa já sí? Mo ní wọ́n á máa yípo títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n, wọ́n á wá sùn. Tíṣà wa ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó, mà." Ó gba ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, ó fa igun mẹ́rin sí iwájú ilé, ó kó àwọn ìbejì mi àti ọmọ méjì láti ilé kejì síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n má sáré o, kí kálukú kọjú sí ẹni tó ń lé. Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé bí ìgbà tí omi ń yí lọ sínú ihò, kálukú ń kọjú sí ẹnì kejì ẹ̀, ká tó wí, ká tó fọ̀, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé láàárín, gbà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Oníṣirò wá ní, "Ṣé ẹ rí i, Àǹtí? Ẹni tó bá ń wo ibi tí nǹkan wà nísinsìnyí, ọ̀nà ẹ̀ kì í tọ́. Ibi tí ó máa wà ló yẹ kéèyàn máa wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lórí, ibẹ̀ ló sì ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí à ń ṣe ọjà wa. Àwa tá a wà ní ìlà náà kì í dá lọ ra ọjà. A máa ń para pọ̀ ra béèlì aṣọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọ̀lú, ká lè rí i gbà ní ẹ̀dínwó, a ó wá pín in. Ẹnì kan ló máa ń sọ ìgbà tí a ó rà. Bí Àǹtí Àgbà bá ní "ẹ rà," a rà. Bó bá ní "ẹ dúró ná," a dúró. Bọ́jà bá wálẹ̀ lẹ́yìn tá a ti rà á lówó gọbọi, a ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, a ó fìkanra mọ́ ọn, òun á máa jẹ ẹ̀pà ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.

Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ní àṣà kan: tí wọ́n bá ti lé ehoro tán, kálukú á sọ nǹkan tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí ọjà, á sì fi nọ́ńbà tì í, mélòó nínú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, á tún nọ́ńbà ẹ̀ sọ sókè lójú gbogbo wọn, bó ṣẹ bí kò ṣẹ. Kéèyàn kùnà kì í ṣe nǹkan lójú wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kì í dárí jini ni kéèyàn yí nọ́ńbà ẹ̀ padà. Èmi kì í gbé nọ́ńbà ní tèmi. "Yóò gbówó lórí" tàbí "yóò wálẹ̀" ni mo máa ń gbọ́, màá sì fi nọ́ńbà sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ta ko Àǹtí Àgbà, ó rí bí mo ṣe wí. Ìgbà kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ẹ̀ bá rí mi nígbà náà. Àwọn obìnrin ń gbé àpótí fún mi jókòó. Mo ń sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ń wo ibi tí ehoro wà, èmi ń wo ibi tó ń lọ." Kò sẹ́ni tó mọ ehoro tí mò ń wí, wọ́n ṣáà ń mi orí. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ó ní nǹkan kan lórí tí kò fẹ́ kó dà nù.

Àǹtí Àgbà ò bá mi jà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni kó o máa bá wa wò ó." Ó sì padà sídìí ẹ̀pà ẹ̀.

Ọjà Kérésì ló kù. Kò sí ọjà tó tó o fún ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé. Ẹni tí kò bá tà nígbà yẹn, ọdún ti já a sílẹ̀. Oníṣirò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Sátidé kan, ó ní ó dà bíi pé dọ́là máa wálẹ̀ kó tó di Kérésì, owó aṣọ á sì rọ̀. Wọ́n ní mélòó? Ó ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Mo gbọ́ mẹ́fà náà. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi mẹ́fà tajà? Tí oníbàárà bá bi mí pé ṣé aṣọ yìí ò ní ṣá, ṣé kí n ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá? Màá ní, "Ọmọ ẹ á wọ̀ ọ́ tì, àbúrò ẹ̀ á wọ̀ ọ́." Bí ẹnu wa ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé bóyá l'Aswani, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa lọ rajà lọ́wọ́ ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn obìnrin bi mí, mo ní kí wọ́n dúró, ọjà ń bọ̀ wálẹ̀. Àǹtí Àgbà nìkan ló béèrè pé, "Ṣé ó dájú?" Mo ní, "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mà. Ọkọ mi tó ń ṣe é níṣẹ́ ló sọ ọ́." Ó wò mí díẹ̀. Ó ní kò burú.

A dúró. Ọjà gòkè. Mo ní ẹ jẹ́ ó gòkè, ó fẹ́ sáré wálẹ̀ ni. Ó tún gòkè. Nígbà tí a ó fi kó ara wa jọ láti ra ìwọ̀nba tí owó wa ká, àwọn ìlà kejì ti gbé aṣọ kọ́ títí dé òrùlé, àwọn oníbàárà ń gba iwájú wa kọjá bí ẹni pé a ò sí níbẹ̀. Obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tí ọkọ ẹ̀ ti kú, máa ń tún ìwọ̀nba aṣọ tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́ láràárọ̀, á fàyè sílẹ̀ láàárín wọn kó lè dà bíi pé ó pọ̀. Mi ò lè wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo sì ń dápàárá kiri o. Mo ní Bàbá Kérésì ọdún yìí ìhòòhò ló máa wá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pọ̀ débi pé ojú ọ̀nà dí. Ẹnì kan ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wá sọ̀rọ̀. Mẹ́wàá yín dà?" Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò gùn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Kì í ṣe èmi o. Ṣé èmi mọ̀wé ni? Oníṣirò ló sọ ọ́." Wọ́n ní kí n pè é. Mo gbé fóònù, mo pè é. Ìsinmi ló wà lọ́jọ́ náà, ó dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, torí ó rò pé ìkíni ni Àǹtí Àgbà fẹ́ kó wá kí wọn.

Àǹtí Àgbà dìde lórí àpótí ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo sọ pé ó dájú pé ọjà máa wálẹ̀?" Oníṣirò wò mí. Kò wò mí pẹ́. Aṣọ kan wà lọ́wọ́ mi, mò ń ká a. Ó kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àwọn obìnrin náà, táì ẹ̀ wọnú iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú." Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíì ní, "Ìwé tí bàbá ẹ fowó rán ẹ kà náà nìyẹn?" Àǹtí Àgbà ní kó dìde. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó mọ̀ àti ohun tó rò, kí ló máa sọ fún ọmọ mi lọ́jọ́ tí nǹkan bá le? Sọ fún àwọn ará ilé ẹ pé kí wọ́n má tíì wá ná." Gbogbo wa mọ ìtumọ̀ "má tíì wá ná." Mo ṣì ń ká aṣọ.

A jọ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà padà sílé. Mo retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun láàárọ̀. Ó ní àwọn ìbejì sọ pé iṣẹ́ amúrelé wọn le, òun máa bá wọn wò ó. Ká ní ó bú mi ni, èmi náà ì bá bú u padà, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo tún fi ṣẹ̀fẹ̀ fún ọkọ mi. Mo ní àbúrò ẹ̀ ti fi ìṣirò yọ ìyàwó kúrò nínú ara ẹ̀. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin ni ṣá, á rí òmíràn. Mo ń sọ ọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi, ohùn tí mo fi ń ta aṣọ tó máa ṣá ni.

Mo rò pé tíṣà ò ní wá mọ́, ṣùgbọ́n Sátidé dé, ó sì wá. Kò jókòó. Báàgì ẹ̀ wà léjìká ẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì yòókù sọ nọ́ńbà tiwọn tán, ó wá kọjú sí Oníṣirò. "Nọ́ńbà wo lo sọ lórí dọ́là?"

Ó ní, "Mẹ́fà."

"Mẹ́fà ni. Mo wà níbí. Kí lo wá sọ fún màmá mi?"

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan fẹ́ fi ṣeré, ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká jẹun ná jàre." Tíṣà ní, "Ẹ má dá sí i. Tó bá jẹ́ pé ó kùnà, kí ló kàn mí? Gbogbo wa la ń kùnà níbí. Nọ́ńbà ẹ̀ ló yí padà torí ẹnì kan ń wò ó." Ó tún kọjú sí i. "Ta ni?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ó dáa. Tó o bá lè ṣe báyìí nítorí ẹni tí kò sí, ìgbà wo ni màá mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ fún èmi?" Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. Ó tún báàgì ẹ̀ gbé kọ́.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Àwo dùǹdú wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wá nǹkan ẹ̀rín kan tí mo máa sọ, bí mo ṣe máa ń rí i látijọ́, mi ò rí i. Oníṣirò ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá; ó mọ̀ pé tóun bá wo ọ̀dọ̀ mi, òun ti sọ ọ́ nìyẹn. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé ó ṣì ń ṣọ́ ojú ẹ̀ nítorí mi.

Mo ní, "Èmi ni."

Kò kọ́kọ́ yé wọn. Mo ní, "Mẹ́fà ló sọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di mẹ́wàá."

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn ní, "Àǹtí, kí ló dé?"

Mo ní, "Mẹ́fà ò tà."

Òótọ́ ni mo sọ, kò sì sí ohun tó panilẹ́rìn-ín tó o láyé yìí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín, mà. Màmá wà nílé."

Ṣógúnlé ni ilé Àǹtí Àgbà. Ẹ̀wà ló ń ṣà nínú àtẹ nígbà tá a débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fi ẹyọ ẹ̀fẹ̀ kan sí i. Kò dá mi dúró, kò sì gbé ojú sókè. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Nígbà tó dọ̀bálẹ̀, o rí i?"

Mo ní, "Mo rí i, mà."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ká aṣọ, mà."

Ó mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń sọ fún yín pé ẹ rà, ẹ dúró, ṣé o rò pé mo mọ̀ ni?"

Mo ní, "A rò pé ẹ mọ̀ ni, mà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mò ń rò ó ni. Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ta lẹ máa ń wá láti fìkanra?"

"Ọ̀dọ̀ yín, mà."

"Ẹ kì í bá mi níbẹ̀?"

"A máa ń bá yín níbẹ̀, mà."

Ó ní kí n dìde, ó ní eékún mi kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ní kí n lọ sọ fún àwọn obìnrin náà fúnra mi, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ti bú ọmọ ọlọ́mọ, kí n tó lọ sọ fún ọkọ mi pé kí àwọn ẹbí máa bọ̀ bí a ṣe jọ sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ sí mi lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kàn ń tún aṣọ ẹ̀ kọ́ ní tiẹ̀.

Oníṣirò fẹ́ tíṣà. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ní ilé tiwọn. Àwọn obìnrin ọjà ti gbàgbé, tàbí kí wọ́n máa ṣe bí ẹni pé wọ́n gbàgbé. Mo ti bẹ gbogbo ẹni tó yẹ kí n bẹ̀. Oníṣirò nìkan ni mi ò tíì rí bẹ̀, torí kì í jẹ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, á bi mí nípa àwọn ìbejì, á bi mí nípa ọjà, á wá nǹkan tó máa gbé mi gba ibòmíràn.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, òun àti ìyàwó ẹ̀ wá kí wa. Mo ní, "Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..." Ó ní, "Àǹtí, ṣé omi tútù wà nínú fíríìjì?" Ó dìde, ó lọ bu omi fúnra ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ wò mí, ó gbọ́ ibi tí mò ń lọ, kò sì ràn mí lọ́wọ́, mi ò sì bá a wí. Mo fa ọmọ wọn mọ́ra, mo gbé e lé itan. Ọmọ náà ń retí pé kí n pa á lẹ́rìn-ín, torí ohun tí wọ́n ti sọ fún un nípa mi nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí bàbá ẹ̀ ṣe ń mu omi nínú kíṣìnnì, tí kò sì tètè jáde.